Eré Bọ́ọ̀lù Tí Àwọn Baba Wa Kò Gbàgbé

Bí àgbà ọkùnrin méjì bá jókòó pọ̀ ní Ayétòrò-Èkìtì ní àsìkò Ìkórè, tí ọ̀kan ti kàwé ní ilé-ìwé àwọn Àgùdà, tí èkejì sì jáde ní ilé-ìwé C.M.S., kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi ń kúrò lórí iṣu àti kòkó, tí ó sì ń bọ́ sórí bọ́ọ̀lù. Ọ̀kan a ní, "Ẹ ti gbàgbé ọjọ́ tí a fi góòlù mẹ́ta nà yín." Èkejì a ní, "Mẹ́ta kẹ̀? Méjì ni ẹ gbá wọlé. Rẹfirí yín ni ó gbá ẹ̀kẹta." Báyìí ni wọn yóò ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọn yóò dárúkọ aṣọ́lé, wọn yóò dárúkọ ẹni tí ó gba apá òsì wá, wọn yóò sọ bí òjò ti rọ̀ àti bí pápá ti yọ̀ tó lọ́jọ́ náà, àfi bí ẹni pé àná ni gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Àwọn ìyàwó wọn a máa mi orí, wọn a sì máa rẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n ti gbọ́ ìtàn náà tó ìgbà ogún, kò sì sí ìgbà kan tí iye góòlù rẹ̀ bá ti àtẹ̀yìnwá mu.

Ẹlòmíràn lè wí pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni èyí, pé kí ni ó kan ẹni tí ó ti ní ọmọ-ọmọ nínú rẹ̀. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìtàn eré bọ́ọ̀lù láàárín ilé-ìwé kan àti èkejì jẹ́ apá kan nínú ìtàn bí ẹ̀kọ́ ti ṣe dé ilẹ̀ wa, bí àwọn ọmọ ìlú kan ti ṣe mọ àwọn ọmọ ìlú kejì, àti bí ọ̀dọ́mọkùnrin ti ṣe ń kọ́ láti bá ẹnìkejì rẹ̀ díje láìsọ ọ́ di ọ̀tá. Ohun tí ó ń kọ wá lóminú ni pé orí ahọ́n nìkan ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìtàn náà wà, àwọn tí ó sì ni ahọ́n náà ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí pé inú ilé-ìwé ni bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ti ta gbòǹgbò ní Nàìjíríà. Nínú àwọn eré àtètèkọ́ṣe, èyí tí ó lókìkí jùlọ ni èyí tí àwọn ọmọ Hope Waddell, ilé-ìwé tí àwọn míṣọ́nnárì ilẹ̀ Skọ́tíláńdì dá sílẹ̀ ní Calabar ní 1895, bá àwọn atukọ̀ ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tí à ń pè ní Thistle gbá ní oṣù kẹfà ọdún 1904. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ni ó borí, 3 sí 2. Ẹ wò ó, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, síbẹ̀ a mọ orúkọ ọkọ̀ náà, a mọ oṣù rẹ̀, a sì mọ iye góòlù tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbá wọlé. Kí ni ó fà á? Ohun tí ó fà á ni pé ẹnìkan kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá ṣe pé ẹnu nìkan ni a fi tọ́jú rẹ̀, 3 sí 2 ìbá ti di 13 sí òdo kí ó tó kàn wá.

Ní ìlú Èkó, ilé-ìwé gíga ti wà láti ìgbà pípẹ́. C.M.S. Grammar School bẹ̀rẹ̀ ní 1859, Methodist Boys' High School ní 1878, King's College ti Ìjọba ní 1909, St. Gregory's College ti àwọn Àgùdà ní 1928, àti Igbobi College, èyí tí Ìjọ C.M.S. àti ti Mẹ́tọ́díìsì jùmọ̀ dá sílẹ̀, ní 1932. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní àwọ̀ aṣọ tirẹ̀, orin tirẹ̀, àti ìyangàn tirẹ̀. Nígbà tí ìdíje Principals' Cup, èyíinì ni Ife Ẹ̀yẹ Àwọn Ọ̀gá Ilé-ìwé, gbilẹ̀ láàárín wọn, pápá ìṣeré Onikan, tí à ń pè ní King George V láyé ìgbà náà, a máa kún bí ṣọ́ọ̀ṣì ti í kún ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àjíǹde. Ọmọ tí kò mọ ìdí bọ́ọ̀lù pàápàá kò ní jókòó sílé, nítorí kì í ṣe bọ́ọ̀lù nìkan ni a ń gbá; orúkọ ilé-ìwé ni a ń gbé ga.

Nínú gbogbo ìdíje wọ̀nyí, èyí tí ó máa ń dùn mọ́ wa láti ronú lé lórí ni ti St. Gregory's àti St. Finbarr's, nítorí ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì. Fada Denis Slattery, àlùfáà Àgùdà, ọmọ ilẹ̀ Ireland, dé Nàìjíríà ní 1941, ó sì ṣe olùkọ́ ní St. Gregory's. Òun kan náà ni ó dá St. Finbarr's sílẹ̀ ní 1956, tí ó sì fi orúkọ ẹni mímọ́ ìlú Cork, ní agbègbè ibi tí a ti bí i, sọ ọ́. Ilé-ìwé kékeré ni. Inú ọgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ebute-Metta ni ó ti bẹ̀rẹ̀, kí ó tó kó lọ sí Akoka. Ṣùgbọ́n Fada náà ti pinnu pé ohun mẹ́ta ni òun yóò fi mọ ọ́n: ẹ̀kọ́ ìwé, ìkóra-ẹni-níjàánu, àti bọ́ọ̀lù. Òun tìkára rẹ̀ mọ òfin eré náà dáadáa, a sì máa fọn fèrè gẹ́gẹ́ bí rẹfirí. Kò pẹ́ rárá tí àbúrò fi dìde sí ẹ̀gbọ́n lórí pápá. Ọwọ́ kan náà ni ó tọ́ àwọn méjèèjì, síbẹ̀ lọ́jọ́ eré kò sí ẹni tí ó rántí pé ẹbí ni wọ́n, àfi lẹ́yìn tí fèrè ìkẹyìn bá ti dún. Nígbà tí Fada Slattery sùn ní 2003, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà ní ìhà méjèèjì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ilé-ìwé méjèèjì lè máa jiyàn títí di òní lórí ẹni tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù, ṣùgbọ́n kò yẹ kí iyàn wà lórí ẹni tí wọn yóò jọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àbí èso wo ni irú ìdíje bẹ́ẹ̀ so? Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹta ọdún 1980, ní Èkó, Nàìjíríà gba Ife Ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, nígbà tí a fi góòlù 3 sí òdo borí Algeria. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Múdà Lawal sì gbá ẹyọ kan. Nínú ẹgbẹ́ náà ni Adokiye Amiesimaka wà, ọmọ C.M.S. Grammar School, nínú rẹ̀ náà ni Henry Nwosu wà, ọ̀dọ́mọdé tí ó jáde láti St. Finbarr's. Àwọn ilé-ìwé tí ń bá ara wọn figa gbága ní Onikan ni ó bí àwọn ọmọ tí ó wọ ẹ̀wù kan ṣoṣo yìí. Stephen Keshi, ọmọ St. Finbarr's mìíràn, ni ó jẹ́ balógun ẹgbẹ́ wa nígbà tí a tún gba ife náà ní Tunisia ní 1994, òun náà sì ni olùkọ́ wọn nígbà tí a gbà á ní South Africa ní 2013. Ẹni tí ó bá ń rántí eré ilé-ìwé, irúgbìn ni ó ń rántí. Ìkórè rẹ̀ ni gbogbo ayé wá rí.

Ṣùgbọ́n Èkó yàtọ̀, Èkìtì yàtọ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, ilé-ìwé gíga kò tètè pọ̀. Ondo Boys' High School ti wà ní Oǹdó láti 1919. Christ's School bẹ̀rẹ̀ ní Adó-Èkìtì ní 1933, Ilesa Grammar School sì tẹ̀lé e ní Iléṣà ní 1934. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tú jáde bí eéṣú, àwọn ìlú àti ìjọ sì dá owó jọ, wọ́n fi èrè kòkó kọ́ ilé-ìwé tí yóò gba àwọn ọmọ náà lẹ́yìn ìwé mẹ́fà. Báyìí ni ó fi di pé ìlú tí kò jìnnà sí ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí ní ilé-ìwé tí ó lè pe ara wọn jáde sí pápá.

Kò sí ibi ìjókòó olókùúta níbẹ̀, kò sì sí akọ̀wé ìwé ìròyìn. Àwọn ọmọ tìkára wọn ni ó fi àdá ṣán koríko pápá. Igi tí a gé nínú igbó, tàbí ọparun, ni òpó ojú góòlù; eérú ni a fi fa ìlà. Bí ó bá jẹ́ ìrìn-àjò, inú lọ́rì akẹ́rù ni àwọn agbábọ́ọ̀lù àti àwọn tí ń gbè wọ́n lẹ́yìn yóò há ara wọn sí, tí wọn yóò sì máa kọrin la òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀ kọjá títí ohùn wọn yóò fi há. Ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ fi ń gbá a. Bí bọ́ọ̀lù bá bẹ́, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n rán yóò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, yóò rán an, gbogbo ènìyàn yóò sì dúró dè é. Èyí ni eré tí àwọn baba wa ń sọ. Kò sí ife fàdákà lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó borí kò gbà ju ìyìn lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbá góòlù wọlé lọ́jọ́ náà lè rìn láàárín ìlú fún odidi ọdún kan láìsan owó àkàrà.

Ó sì tún ní ohun kan tí ó kan àwa onígbàgbọ́ gan-an. Àwọn ilé-ìwé wọ̀nyí jẹ́ ti ìjọ kan tàbí òmíràn, nítorí náà eré láàárín wọn a máa ru ẹ̀jẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Nínú agbo ilé kan náà, ẹ̀gbọ́n lè wà ní ilé-ìwé C.M.S., kí àbúrò wà ní ti Àgùdà, nítorí ibi tí àyè bá ti ṣí sílẹ̀ ni baba ń fi ọmọ sí. Lọ́jọ́ eré, ìyá àwọn méjèèjì kò mọ ìhà tí yóò gbè. A kò ní purọ́: ìgbà mìíràn wà tí òkò fò, tí a sì fi igi lé àlejò dé ìdí lọ́rì. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé bí eré bá parí, ilé-ìwé tí ó gbàlejò yóò bu oúnjẹ fún àwọn tí ó wá, ẹni tí ó ta ẹnìkejì rẹ̀ nípàá lórí pápá yóò sì bá a mu omi nínú ife kan náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó mọ ara wọn báyìí ni ó di olùkọ́, agbẹjọ́rò, oníṣègùn àti àlùfáà, tí wọ́n sì tún pàdé lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí ó bá ti fi ojú ara rẹ̀ rí i pé èèyàn lè na òun ní góòlù kan kí ó sì jẹ́ èèyàn rere síbẹ̀, onítọ̀hún ti kọ́ ohun tí ìwé nìkan kò lè kọ́ ọ.

Nígbà náà, kí ni ó dé tí a fi ní kí ìtàn yìí má wà lórí ahọ́n nìkan? Nítorí pé ahọ́n kò ní egungun. Ta ni nínú wa tí kò gbọ́ ọ ní kékeré pé India na Nàìjíríà ní góòlù 99 sí 1? Wọ́n ní bọ́ọ̀lù a máa di orí kìnnìún bí aṣọ́lé wa bá fẹ́ mú un. Wọ́n ní a ti ṣe àdéhùn pé bí a bá lè gbá ẹyọ kan péré wọlé, àwa ni a borí. Kò sí irú eré bẹ́ẹ̀ rí láyé, síbẹ̀ àwọn ọmọ tí a bí ní Èkó àti àwọn tí a bí ní Kano mọ̀ ọ́n bákan náà, wọ́n sì ṣetán láti búra sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni a sọ nípa Tẹsílímì Balógun, tí a ń pè ní Thunder nítorí agbára ẹsẹ̀ rẹ̀, pé bọ́ọ̀lù tí ó gbá pa aṣọ́lé kan. Akọni ọkùnrin ni Balógun jẹ́ lóòótọ́. Ó gbá bọ́ọ̀lù jẹun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ rẹ̀ sì wà lára pápá ìṣeré kan ní Surulere títí di òní. Kò nílò irọ́ kí a tó yìn ín. Bí a bá fi irọ́ kún òtítọ́, ọmọ tí ó bá dàgbà tí ó sì rí i pé irọ́ ni, yóò da òtítọ́ náà nù pẹ̀lú rẹ̀.

Ti oògùn ńkọ́? Kò sí ilé-ìwé tí a nà tí kò wí pé a ri nǹkan mọ́ ìdí òpó góòlù. Aṣọ́lé a ní òun rí bọ́ọ̀lù méjì, òun kò mọ èyí tí òun ì bá mú. Ẹ jẹ́ kí a kíyèsí i pé ẹni tí ó borí kì í sábà sọ̀rọ̀ oògùn.

Ewu kejì ni pé ìhà kan ṣoṣo a máa sọ kìkì ibi tí ó dùn mọ́ ọn. Ẹ wo ti àwa àti Ghana, nígbà tí à ń pè é ní Gold Coast. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1951, ní Èkó, a fi góòlù 5 sí òdo borí wọn. Àwọn àgbà wa fẹ́ràn láti sọ èyí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 1955, ní Accra, àwọn náà fi 7 sí òdo borí wa, ẹni mélòó sì ni ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu baba rẹ̀? Bí àwọn ará Ghana kò bá ní ìwé, tí àwa náà kò sì ní, ọ̀kan nínú eré méjèèjì yóò parun ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ìtàn tí ó bá sì ṣẹ́kù kò ní jù ìyangàn lọ. Eré bọ́ọ̀lù kì í ṣe ti ẹnìkan. Ẹni méjì ni ó ṣe é. Àfi kí ẹni méjì jọ sọ ọ́ kí ó tó pé.

Ìyàtọ̀ tí ìwé ń ṣe hàn kedere nínú ìrìn-àjò 1949. Ní ọdún náà ni àwọn agbábọ́ọ̀lù wa, tí Etim Henshaw jẹ́ balógun wọn, wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù lójú àwọn òyìnbó. Eré mẹ́sàn-án ni wọ́n gbá. Nínú èkínní, wọ́n fi 5 sí 2 borí ẹgbẹ́ Marine ti Crosby, nítòsí Liverpool. Bí wọ́n ti ń padà bọ̀, wọ́n yà ní Freetown, wọ́n sì borí Sierra Leone ní 2 sí òdo ní oṣù kẹwàá. Wọ́n ṣẹ́gun, a sì ṣẹ́gun wọn. Méjèèjì ni a kọ sílẹ̀. Nítorí náà, ọmọ tí a bí lónìí lè gbọ́ nípa wọn láìfi ọ̀rọ̀ kún un, kí orí rẹ̀ sì wú.

Àyè ń dín kù. Ní àwọn ọdún 1970, Ìjọba gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ, orúkọ àwọn kan yí padà, ilé-ìwé tuntun sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìdíje àtijọ́ fi rẹlẹ̀. Ní Èkó, a dá àwọn kan padà fún àwọn tí ó ni wọ́n ní 2001, St. Gregory's àti St. Finbarr's sì wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí a dá padà ni ilé àti pápá, kì í ṣe ìrántí. Àwọn ọmọ wa mọ orúkọ gbogbo àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù ní Manchester àti Madrid, wọ́n lè sọ iye góòlù ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn láìwo ìwé. Bi wọ́n léèrè ẹni tí ó ṣọ́lé fún ilé-ìwé baba wọn, wọn yóò wò ọ́ láwòdúró. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún ní 1955 ti kọjá ọgọ́rin ọdún. A kò ní í ní i lọ́dọ̀ títí láé.

Nítorí náà a bẹ̀ yín, ẹ̀yin ọmọ, ẹ mú ìwé àti kálámù lọ bá a nígbà tí ara rẹ̀ bá yá. Ẹ bi í ní orúkọ ilé-ìwé méjèèjì, ọdún àti oṣù bí ó bá rántí, ìlú tí a ti gbá a, ta ni ó borí àti ní iye góòlù mélòó. Ẹ bi í nípa ẹni tí ó ṣọ́lé, ẹni tí ó gbá a wọlé, ẹni tí ó fọn fèrè, irú bọ́ọ̀lù tí a lò, ohun tí a jẹ lẹ́yìn eré. Bí kò bá rántí ọdún, ẹ bi í léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nílùú lásìkò náà, ọba tí ó wà lórí ìtẹ́, tàbí kíláàsì tí ó wà. Ọdún yóò yọjú fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí ẹ wá ẹni tí ó wà ní ìhà kejì, kí ẹ ka ohun tí ẹ kọ sí etí rẹ̀. Bí wọ́n bá gbà, ó dára. Bí wọn kò bá gbà, ẹ má ṣe dá ẹjọ́ náà. Ẹ kọ ti èkínní, kí ẹ sì kọ ti èkejì sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ méjì, kí ọ̀kan wà nílé, kí èkejì lọ sí ọwọ́ ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ilé-ìwé náà. Bí àwòrán ẹgbẹ́ bá wà nínú àpótí, ẹ kọ orúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yìn rẹ̀ láti ọwọ́ òsì dé ọwọ́ ọ̀tún, nítorí àwòrán tí kò ní orúkọ kò sàn ju àwòrán àjèjì lọ.

Ẹ̀yin baba náà, ẹ má ṣe fi ibi tí a ti nà yín pamọ́. Àwọn ọmọ yín ní láti mọ bí ẹ ti ṣe borí, ṣùgbọ́n wọ́n tún ní láti mọ̀ pé a nà yín lójú gbogbo ìlú, pé ẹ bọ ẹni tí ó nà yín lọ́wọ́, àti pé ẹ tún padà sí pápá ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ìyẹn ni yóò wúlò fún wọn jùlọ ní ọjọ́ tí nǹkan kò bá lọ déédéé fún àwọn náà.